Nígbà Tí Ọmọ Bá Gbé Gòjé Òyìnbó Wọlé

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti àwọn àgbàlagbà nìkan. Púpọ̀ nínú yín ti di òbí; ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bímọ náà ní àbúrò tí ẹ ń mú lọ sí iléèwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan dé láti iléèwé, ó ní olùkọ́ orin ń kó ẹgbẹ́ ọ́kẹ́sírà àwọn ọmọdé jọ, ó ní wọ́n ti kọ orúkọ òun sílẹ̀, fáólíìnì ni òun sì fẹ́ kọ́. Fáólíìnì yìí la lè pè ní gòjé òyìnbó. Kí ni kí òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí ṣe?

Àwọn òbí tó ń bi wá léèrè, láti Bẹẹrẹ títí dé Bẹyẹrúnká, ìdáhùn ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n máa ń fẹ́: ṣé hàláálì ni àbí hàráámù? Tí a bá ti sọ ọ̀kan, wọ́n á dìde, wọ́n á máa lọ. Lójú tiwa, ìbéèrè náà kò tíì parí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́.

Lórí ìdájọ́, àwọn onímímọ̀ kò fẹnu kò láti ayébáyé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbà onímọ̀ òfin, títí kan àwọn tó tọ ọ̀nà Ìmáàmù Maliki tí àwa ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ni kò fàyè gba ohun èlò orin olókùn àti fèrè. Ẹ̀rí wọn kò kéré. Hádíìsì kan wà nínú Bukhari tó ka ohun èlò orin mọ́ sílíkì àti ọtí nínú ohun tí àwọn kan yóò sọ di ẹ̀tọ́ fún ara wọn. Ibn Mas'ud náà túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìranù tó wà ní áyà kẹfà Súrátù Lúkúmánù sí orin kíkọ. Ní apá kejì ẹ̀wẹ̀, Ibn Hazm ará Andalus, tó kú lọ́dún 1064, ní àwọn hádíìsì tí wọ́n fi ń ka ohun èlò orin léèwọ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Yusuf al-Qaradawi, tó kú ní 2022, fàyè gba orin nínú ìwé rẹ̀ lórí hàláálì àti hàráámù, bí kò bá ti sí ọtí, ìṣekúṣe tàbí ìgbàgbé ìjọ́sìn níbẹ̀. Ti al-Ghazali, tó kú ní 1111, ló sì ń mú wa ronú jù. Kò ka gbogbo orin léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ àwọn ohun èlò olókùn nítorí pé àwọn ọ̀mùtí ló ti sọ wọ́n di àmì ara wọn. Ẹ kíyè sí i: ohun tó ń wò ni àwọn tí èèyàn ń bá jókòó nígbà tí orin náà ń lọ.

A kò ní sọ ara wa di múfútì nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá tẹ̀lé àwọn àgbà tó kọ̀ ọ́, a kò ní bá a jà. Ọ̀nà àwọn aṣíwájú ló tọ̀. Ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó kọ̀ ọ́ fún ara rẹ̀ náà.

Nítorí kí ni à ń rí ní Ìbàdàn yìí? Ẹ lọ síbi wàlímọ̀ ní Ọjà'ba tàbí lẹ́bàá Mápó, ìlù kì í wọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn onísákárà tí àwọn bàbá wa gbádùn jẹ́ Mùsùlùmí. Àwo Yusuf Olatunji, tó kú ní 1978, wà nínú ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí. Gòjé ló ń ké nínú sákárà. Igbá tí wọ́n fi awọ bò lójú ni, okùn rẹ̀ jẹ́ irun ẹṣin, ọrun rẹ̀ náà jẹ́ irun ẹṣin, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ló sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbátan fáólíìnì ni. Àwọn Lárúbáwá ní rùbáábù, èyí tí al-Farabi, tó kú ní 950, ṣàlàyé nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí orin. Rùbáábù yìí dé Yúróòpù, wọ́n fi ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní rebec, àwọn ará Ítálì sì gbé fáólíìnì jáde ní nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600. Ìtàn yìí kò sọ ọ́ di hàláálì o. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń ná owó fún olókùn kan lóde ìyàwó, tó sì ń ké "hàráámù!" sí olókùn mẹ́rin ọmọ rẹ̀, ohun tó ń kọ́ ọmọ náà ni pé hàráámù ni ohunkóhun tí kò bá wu bàbá.

Ẹ rántí àwọn ajísààrì pẹ̀lú. Kí fújì tó gba orúkọ, wéré ló wà: àwọn ọmọdékùnrin á máa lu ìlù kiri àdúgbò lóru Ramadan kí àwọn èèyàn lè jí jẹ sààrì. Inú rẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister, tó kú ní 2010, ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ta ló bá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn jáde lóru? Òbí mélòó ló béèrè àwọn tí wọ́n ń bá rìn, tàbí bóyá wọ́n kírun Àsùbáà lẹ́yìn tí wọ́n jí gbogbo ìlú tán?

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn òbí, nítorí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni irú orin yìí gbà wọ ilẹ̀ wa. Fela Sowande, tí wọ́n bí ní 1905, tó di ọ̀gá nínú kíkọ orin fún ọ́kẹ́sírà, ọmọ àlùfáà ìjọ ni, ilé ìjọsìn ló sì ti kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iléèwé náà wà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì nígbà náà. Ọmọ Mùsùlùmí a wọlé pẹ̀lú orúkọ Làsísì, a jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kí ọmọ lè kàwé láìsọ ìsìn rẹ̀ nù. Bàbá tó gbọ́ "ẹgbẹ́ olórin" lónìí tí àyà rẹ̀ já, ìtàn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Ó wá ku ẹni tó tẹ̀lé àwọn tó fàyè gbà á. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá jù, nítorí àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fúnni ní ìyọ̀ǹda ìdajì. A mọ ọmọkùnrin kan ní agbo ilé kan tí kò jìnnà sí Mápó. Bàbá rẹ̀ kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ nínú ilé, kí àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́sálásí má baà fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ náà ń lọ fi í pamọ́ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń ta á lẹ́yìn kànga. Tí wọ́n bá béèrè ibi tó ti ń bọ̀, á ní òun lọ gba ìwé. Kò tó sáà méjì tó fi jù ú sílẹ̀. Gòjé ti lọ, irọ́ pípa ṣẹ́kù. Bí bàbá náà bá ti sọ ní ọjọ́ kìíní pé "Rárá, ìdí rẹ̀ nìyí," ìbá sàn fún ọmọ náà.

Ọmọ jẹ́ àmáná. Ẹni tó bá ní kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó bá a bẹ̀rẹ̀. Ará Jàpáàn kan, Shinichi Suzuki, tó gbé ayé láti 1898 sí 1998, kíyè sí i pé kò sí ọmọ Jàpáàn tí kì í gbọ́ èdè Jàpáàn, ó sì ní bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè ni kí ó kọ́ fáólíìnì: kí ó máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́, kí ó máa tún un ṣe, kí òbí sì jókòó tì í nídìí ẹ̀kọ́. Òbí gan-an ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ́ díẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí ojú ọmọ ń rí. Ta ni nínú wa tí èyí yóò ṣàjèjì sí? Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ Súrátù Fátíhà nílé kéú, etí ló kọ́kọ́ gbà á kí wàláà tó dé ọwọ́. Àwọn ará ilé Àyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: omele ni wọ́n ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni yóò sì ti máa lù ú títí etí rẹ̀ yóò fi là.

Owó ńkọ́? Kí òbí má sáré lọ ra fáólíìnì. Kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá iléèwé lè yá ọmọ ní ọ̀kan. Kò sì gbọdọ̀ ra ti àgbà pé ọmọ yóò bá a dàgbà, bí a ti ń ra bàtà. Fáólíìnì ní ìwọ̀n. Kí ọmọ na ọwọ́ òsì rẹ̀ gbọọrọ, kí a gbé e lé e léjìká. Bí ìka rẹ̀ bá lè ká orí rẹ̀ láìfi ipá nà, ó bá a mu. Èyí tó bá tóbi jù yóò dun ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀, àwọn ará ilé á sì sọ pé ọ̀lẹ ni. Kí wọ́n máa dẹ irun ọrun tí ó bá ti ta á tán, kí wọ́n sì máa fi oje gbígbẹ pa á kó tó ta á, nítorí láìsí oje kò ní dún.

Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, yóò máa han bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó, lẹ́yìn tí ó bá ti ka háńdá rẹ̀. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ni wọ́n tètè máa ń fi rẹ́rìn-ín jù, wọ́n á ní "ìyàwó ta ni yóò máa ta gòjé?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ń bá sọ bẹ́ẹ̀.

Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí bàbá tàbí ìyá wọ aṣọ, kí ó lọ rí olùkọ́ orin náà fúnra rẹ̀. Kí ó béèrè aago tí wọ́n ń parí, bóyá ọmọ yóò ráyè kírun Aláásárì lásìkò, àti àwọn tí yóò wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó béèrè ti oṣù Kejìlá. Ó ṣeé ṣe kí iléèwé fẹ́ kí ọ́kẹ́sírà ta orin Kérésìmesì níwájú àwọn òbí, kò sì yẹ kó jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá yóò wá wọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò láàárín ẹgbẹ́. Kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án pé ọmọ òun yóò bá wọn kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò ní ta orin ìjọ́sìn ẹlẹ́sìn mìíràn, kí olùkọ́ wá sọ bóyá ààyè wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òun. Kí ọmọ náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.