Ẹ Jókòó, Kí Ẹ Ṣírò (Lúùkù 14:28)

Ìyá tí ńta ẹja ní Ìjọra san owó ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn aṣírò-owó tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965, fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní, "Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta." Ó dára, ṣùgbọ́n àkàtúnkà kọ́ ni òṣùwọ̀n. Máàkì 50 nínú 100 ni a ńbéèrè. Nítorínà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, pa ìwé dé. Mú ìbéèrè ọdún tí ó kọjá, fi aago ṣọ́ ara rẹ, kí o sì jẹ́kí ẹlòmíràn máàkì ìdáhùn rẹ, nítorí a máa ńṣàánú ara wa jù. Ọkùnrin tí Olúwa wa sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbé òkúta. Ó kọ́kọ́ wádìí bóyá owó òun tó. Bí 38 ni o gbà lónìí, kọ 38 sílẹ̀, kí o sì fi í han ìyá rẹ.