Ta Ni Ó Ní Àṣẹ Láti Sọ Ẹ̀yà Kan Lórúkọ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: kí ló dé tí orúkọ kan tí àwọn ènìyàn ti ń pe ẹ̀yà mìíràn láti ọjọ́ pípẹ́ fi ń bí ẹ̀yà náà nínú lónìí?

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá bímọ, àwọn ará ilé ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Bí aládùúgbò kan tí a kò pè bá fún ọmọ yín ní orúkọ tirẹ̀, tí ó ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà títí gbogbo ayé fi gbà á, ǹjẹ́ inú yín yóò dùn? Bí orúkọ náà kò tilẹ̀ burú, ẹ ó bi í pé: ta ni ó fún ọ láṣẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí fún àwọn ará Éṣíà. Éṣíà tóbi. Ṣáínà, Jàpáánù, Íńdíà, Kòríà àti Vietnam wà nínú rẹ̀, èdè wọn kò sì pọ̀ mọ́ra. Síbẹ̀, bí ẹnì kan nínú wọn bá ń kọjá lọ́jà wa, àwọn ọmọdé á máa pariwo: “Ṣinúà! Ṣinúà!” Wọn kò bi í bóyá ará Kòríà ni.

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní orúkọ kan fún gbogbo wọn. Wọ́n ń pè wọ́n ní “Oriental”, ìyẹn ni ará ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ẹ lè bèèrè pé èébú wo ni ó wà nínú oòrùn. Ẹ gbọ́: lójú àwọn òyìnbó Yúróòpù ni oòrùn fi ń yọ láti Ṣáínà. Orúkọ náà ń wo olórúkọ láti inú àgbàlá ẹlòmíràn. Wọ́n ń fi í pe ẹní, wọ́n ń fi í pe ìkòkò, wọ́n sì ń fi í pe ènìyàn. Ní ìgbà tí wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 1882 pé kí àwọn òṣìṣẹ́ Ṣáínà má wọ ilẹ̀ wọn mọ́. Ọdún 1943 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ń rántí ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ bàbá rẹ̀. Ní ọdún 2016, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin tí ó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ tún wo “kúlì”. Owó iṣẹ́ ni ó túmọ̀ sí ní èdè Tamil ti Íńdíà. Kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ará Íńdíà lọ sí oko ìrèké ní Guyana, àti ní Gúúsù Áfíríkà láti ọdún 1860. Gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní kúlì. Ọmọ wọn kàwé, ó di agbẹjọ́rò, kúlì náà ni. Gandhi fúnra rẹ̀ jẹ orúkọ yìí ní Gúúsù Áfíríkà. Ìró ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Ohun tí wọ́n fi í ṣe ni ó bà á jẹ́.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìyí. Títí di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Dàhòmì ni orúkọ ilẹ̀ wa. Orúkọ ìjọba Abomey ni. Ọmọ ogun Abomey náà ni ó fọ́ Kétu ní ọdún 1886, tí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ọmọ Kétu sì ń jẹ́ ará Dàhòmì nínú ìwé! Èyí ni ó mú kí orúkọ Bẹ̀nẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo, rọrùn fún gbogbo wa láti jẹ́.

Nàgó tí a kọ sára ìwé yìí ńkọ́? Àwọn Fọ̀n ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa, ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ọ̀họ̀rí. Àwọn kan ní ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní orúkọ àwọn Ànàgó tí ń bẹ lápá Ìpókíá ni. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ti gbà á. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, àwọn ọmọ ẹrú fi Nàgó àti Kétu ṣe orúkọ iyì fún ìsìn wọn. Olórúkọ lè fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Aládùúgbò kò lè bá a fọ̀ ọ́.

Ó ku àwa náà. A máa ń sọ pé, “Gàmbàrí pa Fúlàní, kò lẹ́jọ́ nínú,” a sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: ènìyàn kú, a ní kò sí ẹjọ́! Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí màlúù bá jẹ oko wa, a kì í bèèrè pé màlúù ta ni. “Fúlàní ni,” ó parí. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ ni yóò jẹ ìyà ẹni tí ó ṣẹ̀. Ibi tí orúkọ tí a fi kó gbogbo ẹ̀yà pọ̀ ti ń burú jù nìyẹn: ó ń mú kí ìyà wọn fúyẹ́ lójú wa. Bí a bá sì bi wọ́n, wọn yóò ní Fulbe ni àwọn ń pe ara wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Èmi kò ní èébú lọ́kàn.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀ láìmọ̀, tí ó ké, ẹsẹ̀ ni ìwọ yóò kọ́kọ́ gbé. O kò ní sọ fún un pé kò dùn ún.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kan ni iṣẹ́ tí a fi rán yín. Bí ẹ bá pàdé àlejò lọ́jà tàbí darandaran lóko, ẹ bi í pé: “Kí ni ẹ̀ ń pe ara yín?” Èyí tí ó bá dá yín lóhùn ni kí ẹ máa pè é.