Ohun Èlò Kékeré

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ẹ̀dá tí ó sì ń pèsè fún un. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin ní ìmọ̀ràn pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀.

Súrà Al-Mā‘ūn, tí í ṣe Súrà 107, kò ju āyà 7 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Nínú rẹ̀ ni Ọlọ́hun ti kìlọ̀ ègbé fún àwọn tí ń kírun ṣùgbọ́n tí wọ́n gbàgbé ìrun wọn, tí wọ́n ń ṣe é fún ṣekárími, tí wọ́n sì ń fi mā‘ūn du ènìyàn. Kí ni mā‘ūn? Àwọn onímọ̀ kan sọ pé zakat ni. Abdullah ọmọ Mas‘ud ṣàlàyé pé ohun èlò kékeré tí aládùúgbò ń yá ara wọn ni, bí korobá àti ìkòkò.

A ti ń ka Súrà yìí láti kékeré. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti wá yé wa.

Ní ọdún tí ó kọjá, àìsàn dá àbúrò ìyàwó wa wó níbẹ̀. Àwa àti ìyàwó wa gbéra láti Ọ̀yọ́ ní kùtùkùtù. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni a fi ń sáré kiri ọsibítù: ẹ lọ ra oògùn, ẹ lọ wá ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ san owó àyẹ̀wò. Nígbà tí a máa fi jáde wá oúnjẹ, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. A rí ilé oúnjẹ kan ní agbègbè Tákìe. Wọ́n ti ń to àga jọ, wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn, síbẹ̀ wọ́n gbà wá.

Oúnjẹ pẹ́. Àwa tí ẹ ń wò lórí mínbárì yìí jágbe mọ́ ọmọbìnrin tí ń gbé oúnjẹ. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Àmàlà tó kù ti tutù, wọ́n ń ro òmíràn fún yín lọ́wọ́ ni."

Nígbà tí oúnjẹ dé, ìyàwó wa kò lè jẹ ẹ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé àmàlà kúrò, ó sì gbé ògì gbígbóná wá. "Ẹ fi èyí panu, ìyá mi. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ó yẹ kí òun náà lókun nínú."

A béèrè omi àlùwàlá. Ó pọn omi sínú búta, ó gbá igun kan, ó sì tẹ́ ẹní fún wa. Bí ó ti ń gbálẹ̀ ni ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ohùn. Nígbà tí a fẹ́ sanwó, ìyá olóúnjẹ kò gba owó ògì. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe títà. Ẹ bá wa kí aláìsàn."

Bí a ti jáde, ìyàwó wa rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Àáfà, ọmọ yẹn rí i pé ó ti rẹ̀ mí." Ojú tì wá. Nínú ilé oúnjẹ yẹn, àwa ni a kírun. Òun ni ó fúnni ní mā‘ūn.

Ní ọjọ́ kẹta, Ọlọ́hun gba àbúrò náà. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ògì kò wo aláìsàn sàn, ṣùgbọ́n òun ni ó fún ìyàwó wa lókun láti padà lọ jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn fídáù, a yà síbẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Ọmọ náà kò rántí pé a bú òun. Aláìsàn ni ó kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin ará, Ànábì kọ́ Abu Dharr pé kí ó má ṣe fojú kéré oore kankan, ìbáà ṣe kí ó fi ojú ẹ̀rín pàdé ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe oore kọ́ ni í mọ bí oore ti tó. Ẹni tí ó rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń tajà ní Akẹ̀sán, ẹ̀yin awakọ̀ Ówódé, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀bùn sàráà wà lẹ́nu iṣẹ́ yín lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń gbé oúnjẹ fún, ẹ dẹ́kun jíjágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ dúpẹ́, nítorí Ànábì sọ fún wa pé ẹni tí kò dúpẹ́ oore ènìyàn kò dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Bí olóore náà kì í bá ṣe Mùsùlùmí ńkọ́? Súrà 60, āyà 8, ti fi yé wa pé Ọlọ́hun kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa àti déédéé sí ẹni tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ìrun wa jẹ́ ti ṣekárími. Kí Ó san gbogbo olóore wa ní ẹ̀san rere, kí Ó sì kẹ́ àwọn òkú wa. A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa, fún yín àti fún gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú. Àmín.