Ìyá tí ó Fẹ́ràn Òdòdó: Ẹ̀bùn Wo ni ó Yẹ Ẹ́?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń mú ewéko hù láti inú ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. 

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ ìkòkò òdòdó kéré sí ìwàásù. Kò kéré. Ẹ jẹ́ kí á wo àdúgbò wa, láti Kétu dé Ìkòsí títí dé Máìlì 12. Nínú ilé tí kò ní ilẹ̀ tí ó tó fi gbin nǹkan, ẹ ó rí ìyá tí ó gbin òdòdó sínú ike ọ̀dà, tí ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá yìí ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ dúró de ọkọ̀ tòmátì àti ata tí ó ń ti Òkè Ọya bọ̀. Bí ó bá darí wálé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, òdòdó yẹn ni yóò kọ́kọ́ bu omi sí. Ǹjẹ́ àwa ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ti bi í léèrè rí pé kí ni orúkọ rẹ̀?

Nínú Suratu Luqman, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ nípa òbí méjèèjì, Ó sì mẹ́nu kan àárẹ̀ lórí àárẹ̀ tí ìyá fi gbé oyún wa. Bukhari àti Muslim sì gbà á wá pé nígbà tí ọkùnrin kan bi Ànábì léèrè ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ jù sí ìwà rere rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dárúkọ ìyá kí ó tó dárúkọ bàbá. Ànábì tún kọ́ wa pé kí á máa ta ara wa lọ́rẹ, nítorí ẹ̀bùn a máa mú ìfẹ́ wá.

Ìkínní: kí ẹ̀bùn bá ìyá mu, kí ó má jẹ́ èyí tí ó wu àwa. Ìkòkò dídán tí ó kún fún òdòdó onírọ́bà lè dára lójú nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe fún ẹni tí inú rẹ̀ máa ń dùn bí ewé tuntun bá yọ? Bí ó bá jẹ́ òdòdó gígé ni ó ń fi sínú yàrá, ẹ ra ìkòkò tí ìdí rẹ̀ wúwo kí àwọn àbúrò má baà tì í ṣubú, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́jọ́ méjì méjì kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Bí ó bá ń gbin òdòdó, ìkòkò amọ̀ ni ó dára jù, kí ihò wà ní ìdí rẹ̀ kí gbòǹgbò má baà jẹrà. Ẹni tí ó bá lọ sí Ìlọrin lè rí irú rẹ̀ ní Dáda, ní Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá ti ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò. Ẹ yẹra fún èyí tí ère ènìyàn tàbí ẹranko wà lára rẹ̀.

Ẹni tí kò lówó ńkọ́? Ànábì ní kí ẹni tí wọ́n bá fún ní ewéko olóòórùn dídùn má ṣe kọ̀ ọ́, nítorí ó fúyẹ́ láti gbé, òórùn rẹ̀ sì dára. Rayhan ni Lárúbáwá ń pè é. Ìbátan rẹ̀ ni ẹ̀fìnrín wa. Ẹ̀fìnrín kan nínú ìkòkò kékeré, ẹ̀bùn ni.

Ìkejì: kí owó náà mọ́. Ọlọ́hun kì í gba ohun tí kò mọ́. Ẹni tí ó fi owó jìbìtì ra ẹ̀bùn fún ìyá rẹ̀, ẹrù ni ó gbé lé e lórí.

Ìkẹta: ẹ̀bùn kì í san gbèsè ìyá. Ní 1908, Anna Jarvis ní Amẹ́ríkà fi òdòdó funfun 500 ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Grafton fún ìrántí ìyá rẹ̀, nítorí òdòdó yẹn ni ìyá náà fẹ́ràn jù. Ní 1914, Ààrẹ Woodrow Wilson kéde Ọjọ́ Ìyá fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ó yá, Jarvis fúnra rẹ̀ ni ó dìde bá àwọn oníṣòwò òdòdó jà, nítorí wọ́n ti sọ ọjọ́ náà di ọjà. Ẹ̀kọ́ ni èyí fún wa. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti ṣe ṣíọ̀ sí òbí. Ọmọ tí ó gbé ìkòkò fún ìyá rẹ̀ ní àárọ̀, tí ó pòṣé sí i ní alẹ́, kí ni ó fún un?

Ìkẹrin: ìyá ẹlòmíràn nínú wa kì í ṣe Mùsùlùmí. Nígbà tí ìyá Asmau ọmọ Abubakar wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Mẹ̀dínà, tí kò tíì gba ẹ̀sìn, Asmau bi Ànábì léèrè bóyá kí òun ṣe dáadáa sí i. Ànábì ní kí ó ṣe é. Nítorí náà, ìwọ arábìnrin tí ìyá rẹ ń bínú nítorí híjáàbù, gbé òdòdó tọ̀ ọ́ lọ. Kúnlẹ̀ kí o fi fún un. Bí kò bá gbà á lónìí, máa bá a bu omi sí èyí tí ó ní.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú kò pàdánù ọ̀nà. Sa'd ọmọ Ubadah kò sí nílé nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó bi Ànábì bóyá sàráà yóò ṣe ìyá náà ní àǹfààní, Ànábì sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọgbà rẹ̀ tí ń jẹ́ Mikhraf ṣe sàráà fún un. Igi eléso kan tí a bá gbìn sí àgbàlá mọ́sálásí ní orúkọ ìyá wa, láádá rẹ̀ yóò máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa mọ ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un.

Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn òbí wa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tọ́ wa ní kékeré. Kí Ó fi ọgbà Àlùjánńà ṣe ibùgbé wọn àti tiwa. Aamiin.