ÌGBÀGBỌ́ ÀTI ÌKÙGBÙ: OHUN TÍ A KỌ́ LÓRÍ ÀPÁTA

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń yọ wá lẹ́nu láti ìgbà tí a ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́. A fẹ́ gbé e kalẹ̀ níwájú yín nínú oṣù yìí, pàápàá jùlọ níwájú ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ máa ń kó àwọn ọmọ jáde lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: nígbà tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ lé ibi ewu, tí ó sì wí pé Ọlọ́run yóò di òun mú, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ tàbí ìkùgbù? Àwọn méjèèjì a máa wọ aṣọ kan náà, wọn a sì máa fọ ohùn kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan jẹ́ ìwà mímọ́, èkejì sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, a fẹ́ràn láti máa lo ọjọ́ ìsinmi wa fún àpáta gígùn. Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni a kọ́kọ́ gùn. Olùkọ́ wa mú wa gba àárín àwọn òkúta ńláńlá tí ó fún mọ́ra, ó sì fi abẹ́ àpáta náà hàn wá, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá fi orí pamọ́ sí nígbà tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830. Ó fi àwọn kòtò kéékèèké hàn wá lójú òkúta, ó ní ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan ọbẹ̀ ní àkókò ogun. Ọ̀kan nínú wa wí pé, bí Ọlọ́run bá ti fún ènìyàn ní irú àpáta báyìí, kí ni ó tún kù tí ó ń wá? Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a má gbàgbé pé àwọn Ẹ̀gbá mọ odi yí ìlú wọn ká, wọ́n sì gbẹ́ yàrà sí i. Àti pé nígbà tí ogun Dàhómì dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ọdún 1851, ìdí odi ní ẹnubodè Aró ni wọ́n ti jà, kì í ṣe abẹ́ Olúmọ. Ó ní, “Ẹni tí Ọlọ́run fún ní àpáta kò gbọdọ̀ wí pé òun kò ní mọ odi mọ́.” A kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé wa. A kò kọ ọ́ sí ọkàn wa, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a lọ sí Ìdànrè, ní ìhà gúúsù Àkúrẹ́. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe òkè kan ṣoṣo ni: àpáta lórí àpáta ni, èyí tí ó ga jùlọ nínú wọn sì ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Orí òkè náà ni àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọn tó sọ̀ kalẹ̀, ààfin Ọwá àtijọ́ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ni a fi ń gùn ún, ibi ìsinmi sì wà lọ́nà fún ẹni tí ó bá ń mí hẹlẹ.

Òjò ti rọ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ẹ mọ bí ojú àpáta ti í rí lẹ́yìn òjò: a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Baba tí ó ń fọ̀nà hàn wá ti kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, ọ̀rẹ́ wa kan, ẹni tí ó máa ń ṣe aṣáájú ìpàdé àdúrà wa, wí pé àwọn arúgbó àti aláìsàn ni a ṣe àtẹ̀gùn fún. Ó ní ojú àpáta ni òun ó gbà lọ. Ẹni tí ó dá àpáta ni yóò mú ẹsẹ̀ òun dúró. Baba náà wò ó, ó ní, “Ọmọ mi, ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i.” Àwa ńkọ́? Àwa pàtẹ́wọ́. Bí ó bá gòkè, a ó ní ìtàn láti sọ. Bí ó bá padà, a ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò tíì rin ogún ìṣísẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀. Ó ṣubú, ó ń wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, títí ó fi kọ́ igi kékeré kan tí ó hù nínú pàlàpálá òkúta. Ó dì í mú. Ọ̀gbun wà lábẹ́ rẹ̀, ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè gbé ẹsẹ̀.

Ní àkókò náà gan-an ni àgbẹ̀ kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ tòun ti ẹrù lórí, ó ń lọ sí ọjà. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó so aṣọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti baba afọ̀nàhàn, ó sì ní kí gbogbo wa di etí kan rẹ̀ mú ṣinṣin. Lẹ́yìn èyí ó jókòó, ó ń fi ìdí wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dán ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́. A gbọ́ ọ tí ó ń pe orúkọ Olúwa jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó mú un dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì tún bá wa gbé e dé ìsàlẹ̀. Nígbà náà oòrùn ti wọ̀, ọjà ti tú. Kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa, a kò sì fún un ní ohunkóhun. A kò tilẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ wa fi ọ̀pá dìde nínú ìpàdé àdúrà, ó sì jẹ́rìí bí Ọlọ́run ti dá ìgbàgbọ́ òun lóhùn lórí òkè. Kò mẹ́nu ba àgbẹ̀ náà. Kò mẹ́nu ba ìkìlọ̀ baba náà, tàbí àtẹ́wọ́ tí a pa. Àwa tí a mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ti rí ṣe Àmín, a sì kọrin. Àmín náà ni ó ń yọ wá lẹ́nu títí di òní.

Àwọn kan yóò wí pé ìdáhùn ìbéèrè wa kò ṣòro: kí onígbàgbọ́ yẹra fún ewu. A kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìjókòó jẹ́jẹ́ ni ìgbàgbọ́, Ábúráhámù kì bá tí fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀, Pétérù kì bá tí jáde nínú ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Townsend kì bá tí dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843, ní àkókò tí ibà ń pa àwọn òyìnbó ní etí òkun wa.

Ẹ sì kíyèsí i pé ènìyàn méjì ni ó fi ẹsẹ̀ lé àpáta Ìdànrè ní ọjọ́ náà. Òkúta kan náà ni, omi òjò kan náà, ọ̀gbun kan náà. Ewu ti àgbẹ̀ náà tilẹ̀ pọ̀ jù, nítorí ó ní ẹlòmíràn láti gbé. Síbẹ̀ ta ni yóò pe tirẹ̀ ní ìkùgbù? Nítorí náà kì í ṣe bí ewu ti tó ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ọ̀rẹ́ wa lọ nítorí ojú wa. Àgbẹ̀ náà lọ nítorí ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rẹ́ wa kẹ́gàn àtẹ̀gùn, bí ẹni pé Ọlọ́run kọ́ ni ó fún àwọn tí ó ṣe é ní agbára. Àgbẹ̀ náà lo aṣọ, ó lo ọwọ́ wa, ó lo sùúrù, ó sì ń gbàdúrà bí ó ti ń lò wọ́n. Lékè gbogbo rẹ̀, ìkùgbù a máa jẹ gbèsè fún ẹlòmíràn láti san. Ìgbàgbọ́ a máa san gbèsè tí òun kò jẹ.

Ẹ tún ka ìtàn ìdánwò Olúwa wa nínú Mátíù, orí kẹrin. Lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, èṣù kò mú ọ̀rọ̀ àjèjì wá. Ìlérí tí ó wà nínú Orin Dáfídì ni ó gbé kalẹ̀. Olúwa kọ̀ láti bẹ́, nítorí kò sí ẹnìkan ní ìsàlẹ̀ tí fífò náà yóò gbà là. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó, ó gun Kálfárì. Àwọn ènìyàn ké sí i níbẹ̀ pé kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn lè gbàgbọ́, kò sì sọ̀. Kò bẹ́ nítorí òǹwòran, kò sì sọ̀ kalẹ̀ nítorí òǹwòran.

Kì í ṣe orí òkè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka ìwé tí ó ń gbààwẹ̀ nítorí ìdánwò, bàbá tí kò jẹ́ kí a gbé ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tí ó yá owó tí kò mọ ọ̀nà àtisan án tí ó sì pè é ní ìgbàgbọ́: kí olúkúlùkù wọn bi ara rẹ̀ pé, ta ni yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nítorí mi?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe tìtorí èyí dá àwọn ọmọ dúró sílé. Ẹ máa kó wọn lọ sí orí òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá padà tí wọ́n sì ń dúpẹ́, ẹ kọ́ wọn láti dárúkọ ẹni tí Ọlọ́run fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ti àwa, a padà sí Ìdànrè lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a wá àgbẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí a ń wí, nítorí a kò ní orúkọ tí a lè fi bèèrè rẹ̀. Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn wa.

Kí Olúwa kí ó dá wa lẹ́kun ìkùgbù, kí ó sì fún wa ní ìgbàgbọ́ tí í sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nítorí ọmọnìkejì. Àmín.