Ṣé Ẹni Tó Dáàbò Bo Ilé Rẹ̀ Lọ́wọ́ Àrá Ń Bá Ṣàngó Jà?

Orúkọ kan náà ni Yorùbá fi ń pe ohun méjì. Mànàmáná ni èyí tó ń kọ lójú ọ̀run kí àrá tó sán. Iná mànàmáná ni èyí tó ń gba inú wáyà wọlé. Nígbà tí wọ́n gbé ère síwájú olú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Nàìjíríà ní Marina, Èkó, ní 1964, Ṣàngó ni Ben Enwonwu fi idẹ rọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun kan náà ni, tí fìríìjì bá jó lálẹ́ òjò, ta ni kí onílé lọ bá? Ẹni tó sì ra ohun tí kò ní jẹ́ kó jó, ṣé kò ti máa di òrìṣà lọ́wọ́?

Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ìbéèrè yìí kò jìnnà sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Yorùbá ibẹ̀ ní Ṣàngó, Gùn ní Hẹ̀bíoso, tọ̀túntòsì ló sì gbà pé àrá kì í ṣèèṣì: olè, òpùrọ́ àti abúra-èké ló ń wá. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ilé tí àrá bá sán sí ti di ti àwọn magbà, àwọn àwòrò Ṣàngó. Àwọn ni yóò wọ ibẹ̀, tí wọ́n á hú ẹdùn àrá jáde nínú ilẹ̀, tí ẹbí á sì san ìtánràn. Wọ́n ti fi àṣà yìí jẹun gan-an, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí èèyàn kíyè sí: ẹdùn ni wọ́n ń wá. Wọ́n mọ̀ pé ẹjọ́ Ṣàngó náà ń fẹ́ ẹ̀rí.

Bí wọ́n bá wá ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ àkúnya iná tó ń jó ẹ̀rọ inú ilé kò tilẹ̀ tọ̀run wá. 220 fọ́ltì ló yẹ kó wọ ilé ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Àjàṣẹ́ wà. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná lórí òpó, ẹ̀kẹrin ń dá a padà, 380 fọ́ltì ló sì wà láàárín èyíkéyìí méjì nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ẹ̀kẹrin bá já, iná ilé kan lè ré kọjá 300 fọ́ltì, kí gílóòbù ilé kejì máa ṣẹ́jú bí àbẹ́là. Bí iná bá lọ tó tún dé, òun náà a máa fò sókè, fò sódò. Obìnrin tó ń ta omi dídì mọ èyí láìlọ iléèwé kankan: iná lọ báyìí, ó yọ fìríìjì kúrò lára ògiri, bó dé, ó dúró díẹ̀ kó tó tún fi í bọ ihò iná.

Èyí tó tọ̀run wá gan-an kò pọn dandan kó bà lé òrùlé. Àrá lè sán lu òpó tó wà lókèèrè, kó gba wáyà wọlé, kí tẹlifíṣọ̀n jó ní ilé mẹ́wàá. Ta wá ni òpùrọ́ nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá?

Àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì. Kí Benjamin Franklin tó fi hàn ní 1752 pé iná ni mànàmáná, agogo ni wọ́n ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì Yúróòpù láti lé àrá. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Jámánì ní 1784 kà á pé láàárín ọdún 33, àrá kọlu ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì 386, ó sì pa alùgogo 103, lẹ́nu iṣẹ́ Ọlọ́run. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mì ní Boston ní 1755, Àlùfáà Thomas Prince ṣì ń kìlọ̀ pé ọ̀pá irin tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ nítorí àrá lè wà lára ohun tó fà á. Ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí kúrú ju èyí lọ. Hádíìsì tí Tirmidhi gbà sílẹ̀ ní kí oníràkúnmí so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná, kó tó gbára lé Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó bá ọ̀ràn yìí mu jù wà nínú ìtàn ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀. Yorùbá sọ pé Ọlọ́run àti Ilẹ̀ jọ dẹgbó, wọ́n pa emọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ń jà sí ta ni àgbà. Ọlọ́run bínú lọ sókè, òjò kọ̀ kò rọ̀, títí igún fi gbé ẹbọ lọ bẹ̀ ẹ́. Àwọn Fọ̀n náà ń sọ tiwọn: òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Sakpata gba ayé, àbúrò rẹ̀ olówó òjò àti àrá gba òkè, ọ̀dá dá títí wọ́n fi parí ìjà. Ohun tí ìtàn méjèèjì ń sọ ni pé ìjà òkè àti ilẹ̀ ló ń pa aráyé, ìrẹ́pọ̀ wọn ló ń gbà wọ́n.

Iṣẹ́ tí parafoudre, ohun tí ń gba ilé lọ́wọ́ àkúnya iná, ń ṣe nínú àpótí iná nìyẹn gẹ́lẹ́. Àwo pẹlẹbẹ kan, tí kò ju owó ẹyọ lọ, tí wọ́n fi lúbúlúbú zinc oxide mọ, tí wọ́n sun nínú iná bí ìkòkò amọ̀, ló wà nínú rẹ̀. Ní 220 fọ́ltì, ògiri ni. Bí iná bá kún àkúnya, kí ojú tó ṣẹ́, ògiri á di ilẹ̀kùn, yóò darí iná sínú wáyà tó lọ bá ọ̀pá irin tàbí bàbà nínú ilẹ̀. Kò bá àrá jà, ọ̀nà ló là fún un. Àlejò tó lágbára ju onílé lọ, ọ̀nà ni wọ́n ń fi hàn án. Òrìṣà tí àwo bí owó ẹyọ bá lè dá dúró kò tó bẹ̀rù. Èyí tí kò lè dá dúró, kí ni àwo ọ̀hún gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Níbi tí ilẹ̀ kò bá sí nínú ọ̀rọ̀ náà, asán ni parafoudre. Bí àpẹẹrẹ, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ bí ilé, tí ibùsùn àti ibi ìdáná wà nínú rẹ̀, tó dúró sí agboolé kan, tó sì fa iná níbẹ̀, orí rọ́bà ló dúró. Bí ihò iná agboolé náà kò bá ní wáyà ilẹ̀, parafoudre inú ọkọ̀ kò rí ibi da àkúnya sí. Bí ara ọkọ̀ ọ̀hún bá sì jẹ́ oníke, kò lè bo èèyàn bí ọkọ̀ onírin ti ń ṣe nígbà tí àrá bá sán.

Àwo náà a máa gbó: gbogbo àkúnya tó bá gbé mì ló ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀, tí yóò fi kú láìpariwo. Ọ̀pá inú ilẹ̀ náà sì ní àsìkò tirẹ̀. Lọ́gbẹẹlẹ̀, ilẹ̀ pupa Àjàṣẹ́ a máa gbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í gba iná dáadáa; omi ni wọ́n ń dà sídìí ọ̀pá náà.