Ìka Tó Ṣẹ̀ àti Ẹni Tó Ni Ọkọ̀

Bí lẹ́tà náà bá dé, orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa ń wà lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni a ti ń rí ọjọ́, wákàtí, orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ọkọ̀ àti iye owó ìtanràn. Kò sí ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ dúró, kò sí ẹni tó fọn fèrè, kò sí ẹni tó bi awakọ̀ ní ìdí tí kò fi dúró nígbà tí iná pupa tàn. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé kọ́ sórí òpó ló ya àwòrán, ẹ̀rọ mìíràn ló wá orúkọ, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì gbé ìwé náà dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní tiwa ní Pobè àti Sakété, fèrè ọlọ́pàá ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní Abidjan, níbi tí ìwé ìtanràn ti ń gba orí fóònù wọlé. Ohun tó dé Abidjan kò jìnnà sí Kútọnù mọ́, ohun tó bá sì dé Kútọnù yóò gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ dé Sakété lọ́jọ́ kan. Ó sàn kí a ti ronú lé e lórí kí ó tó dé.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: ṣé ó tọ́ kí á bèèrè ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, nígbà tí a kò mọ ẹni tó wà á? Bí lẹ́tà náà bá sì bá ẹni tí kò ṣẹ̀, ṣé kí ó sanwó kí ó lè sinmi ni, àbí kí ó kọ̀wé ta kò ó?

Àwọn àgbà wa sọ pé ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọ̀rọ̀ náà le, nítorí ìka ni à ń gé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ òdodo ló ń sọ. Ọba kò gbọdọ̀ gé gbogbo ọwọ́ nítorí ìka kan, kò sì gbọdọ̀ gé ìka tó wà nítòsí nítorí pé òun ló rọrùn láti dì mú. Kí ó tó gé e, ó ní láti mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà iná pupa tí ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2009, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń yà. Nọ́ńbà ọkọ̀ hàn kedere nínú àwòrán náà, ojú awakọ̀ kò hàn. Òrùka ni ẹ̀rọ náà rí, kò rí ìka.

Àwọn aṣòfin ilẹ̀ Faransé kò ṣàìmọ èyí. Ní ọdún 1999 wọ́n fi abala kan sínú òfin ojú ọ̀nà wọn, L121-3 ni nọ́ńbà rẹ̀, tó sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí carte grise ni yóò san owó bí ọkọ̀ rẹ̀ bá sáré ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tí kò dúró níbi tí òfin ní kí ó dúró. Wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀: ẹni tí wọ́n jí ọkọ̀ rẹ̀, ẹni tí ohun tó ju agbára lọ ṣẹlẹ̀ sí, àti ẹni tó bá mú ẹ̀rí wá pé òun kọ́ ló wà á. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ọgbọ́n yan ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọn kò pe ẹni náà ní arúfin. Ẹni tó jẹ owó ni wọ́n pè é. Òfin náà kò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, wọn kì í sì í yọ àmì kankan kúrò lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ nítorí gbèsè yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé òfin náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ wọn ní Paris, ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà ọdún 1999 kan náà. Ohun tó wí ni pé a lè gbà fún ìgbà díẹ̀ pé onímọ́tò ni ọ̀rọ̀ kàn, bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ gbayawu fún un láti gbèjà ara rẹ̀.

Gbèsè yàtọ̀ sí ẹ̀bi, ilẹ̀ Yorùbá sì ti mọ ìyàtọ̀ náà tipẹ́. Láyé àtijọ́, bí bàbá bá yá owó, ó lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni èlé owó náà títí wọn yóò fi san gbèsè tán. Ìwọ̀fà ń ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tọ́ka sí i lọ́jà pé ẹni tó jẹ gbèsè nìyẹn. N kò sọ pé àṣà náà dára. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣòfò lóko olóko. Ohun tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀ kò ju pé ènìyàn lè san owó dípò ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò lè jẹ̀bi dípò rẹ̀. Nítorí náà, bí ìjọba bá sọ fún mi pé, «ọkọ̀ rẹ ló dá ọ̀ràn yìí, ìwọ ni a mọ̀, san owó rẹ̀,» mo lè kùn, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé wọ́n bà mí lórúkọ jẹ́.

Ibi ìsanwó ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìtanràn iná pupa ní ilẹ̀ Faransé jẹ́ 135 yúrò. Bí ènìyàn bá tètè san án, ó di 90. Bí ó bá jókòó tì í, ó di 375. Ọjọ́ 45 ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó, àti pé nígbà mìíràn ó ní láti kọ́kọ́ fi 135 yúrò náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdógò kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ro ìnáwó àti wàhálà rẹ̀ yóò fẹ́ san 90 kí ó sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ka ìsanwó sí ìjẹ́wọ́. Ẹni tó bá ti san, ó ti gbà pé òun ló ṣẹ̀, wọn yóò sì yọ àmì 4 nínú 12 tó wà lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀. Gbèsè tí wọ́n fi ọgbọ́n yà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bi nínú òfin ti padà lẹ̀ mọ́ ọn níbi ìsanwó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún ẹni tó sanwó. Ẹni tó fẹ́ san gbèsè láìgba ẹ̀bi ní láti kọ̀wé. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Àwọn kan yóò fi òwe dá mi lóhùn pé ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òtítọ́ ni. Ẹni tó ré iná pupa kọjá, tó sì mọ̀ pé òun ré e kọjá, kí ó sanwó rẹ̀ wéré, kí ó má fi àkókò ilé ẹjọ́ ṣòfò. Ṣùgbọ́n òwe náà ní «tó bá mọ». Ẹ̀dínwó tí wọ́n fi fa ènìyàn mọ́ra kò béèrè bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ó ń ra ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́bi àti aláre ní iye kan náà. Lójú tèmi, ẹni tí kò ṣẹ̀ tó sì sanwó kí ó lè sinmi ti fọwọ́ sí irọ́. Irọ́ kékeré ni, irọ́ tó pa á lára ju bó ṣe pa ẹlòmíràn lára lọ, síbẹ̀ irọ́ ni. Èyí ni mo fi gbà pé kíkọ̀wé ta kò ó kì í ṣe ìwà alágídí, bó ti wù kí owó náà kéré tó.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló gba ọ̀nà tí Faransé gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà wọ́gi lé òfin kámẹ́rà iná pupa ìlú St. Louis, nítorí pé ó gbé ẹrù lé olówó ọkọ̀ lórí láti fi hàn pé òun kọ́ ló wakọ̀. Ìjọba ni yóò fi hàn pé ènìyàn ṣẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn ni yóò fi hàn pé òun kò ṣẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ tiwa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ irú rẹ̀ ní abala 17: aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ìgbẹ́jọ́ gbangba tó fún un láyè láti gbèjà ara rẹ̀ yóò fi fi ẹ̀bi rẹ̀ hàn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ wa létí ju ti ẹlòmíràn lọ. Títí di ọdún 1946, lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ń pè ní indigénat, alákòóso òyìnbó ní Dahomey lè fi bàbá ńlá wa sẹ́wọ̀n tàbí kí ó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ láìgbé e dé iwájú adájọ́ kankan. N kò fi kámẹ́rà wé indigénat. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi ìyà àwọn baba wa ṣeré. Iná pupa ń gba ẹ̀mí là, ọmọ tó ń kọjá lọ sílé ìwé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i kí ọkọ̀ dúró fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ti mọ bí ìyà tí kò ní ìgbẹ́jọ́ ṣe ń rí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ì báà jẹ́ ènìyàn, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì terminale. Mo ní: ká sọ pé àbúrò rẹ ló yá ọkọ̀ rẹ, lẹ́tà sì dé ní orúkọ rẹ. Ṣé wàá dárúkọ rẹ̀? Kíláàsì pín sí méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní ẹni tó bá fi ọmọ ìyá rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ kò ní ojú tí yóò fi wọ ilé. Ọmọbìnrin kan dáhùn pé àbúrò tó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ẹ̀bi òun mọ́ra ló yẹ kí ojú tì. Èmi fara mọ́ ọmọbìnrin náà, àmọ́ mo rí i pé òfin Faransé fún ọmọkùnrin náà láyè díẹ̀: láti ọdún 2017, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ òṣìṣẹ́ tó wa ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n òfin kò fi ipá mú ẹni tó ni ọkọ̀ tirẹ̀ láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó lè kọ̀wé pé òun kọ́ ni, kí ó mú ẹ̀rí rẹ̀ wá, kí ó sì pa ẹnu mọ́ lórí ìyókù.

Ohun tí kò ní àyè rárá ni kí á dárúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 2003, kámẹ́rà tó ń wọn eré ya ọkọ̀ olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì kan, Chris Huhne. Ìyàwó rẹ̀, Vicky Pryce, gbà kí wọ́n kọ ọ́ pé òun ló wà á, kí ọkọ rẹ̀ má bàa pàdánù ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Huhne di mínísítà, ìgbéyàwó wọn tú, àṣírí sì tú pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, àwọn méjèèjì gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ. Ohun tí owó kékeré ìbá parí ló di ẹ̀wọ̀n. Lẹ́tà tí ènìyàn fi ń gbèjà ara rẹ̀ dà bí ìbúra níwájú ògún. Irin ọkọ̀ náà kúkú ni.

Àwọn mìíràn kò jiyàn nípa ẹni tó wakọ̀, wọ́n jiyàn nípa iná fúnra rẹ̀. Mats Järlström, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ń gbé ní Oregon, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò ní ọdún 2013 nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gba ìwé ìtanràn kámẹ́rà iná pupa. Ó rí i pé iye àkókò tí wọ́n fún iná òféèfèé kò tó fún ọkọ̀ tó fẹ́ dẹ̀rọ̀ kí ó tó yà. Ìgbìmọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ ìpínlẹ̀ náà bu owó ìtanràn 500 dọ́là lé òun náà, pé ó ń ṣiṣẹ́ ẹlẹ́rọ láìgba àṣẹ! Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ ìrìnnà yí ìlànà ìṣirò wọn padà. Bí gbogbo ènìyàn bá san owó kí wọ́n lè sinmi, ta ni ìbá ṣe ìṣirò náà?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ wa, nítorí níhìn-ín ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Ẹnìkan ní Pobè lè ra alùpùpù mẹ́ta, kí ó kó wọn fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti fi ṣe zémidjan, kí wọ́n máa mú owó wá fún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìwé ìtanràn bá dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò dé, kì yóò sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó yọ ọ́ lára owó ọmọ tó gun alùpùpù náà. Ọmọ yẹn kò rí lẹ́tà, kò rí àwòrán, kò mọ̀ bóyá òun ni tàbí ẹni tó gùn ún lánàá. Bí ó bá jiyàn, ọ̀gá yóò gba alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin tó dà bí ẹni pé ó ń bá olówó ọkọ̀ sọ̀rọ̀ ti sọ olówó ọkọ̀ di adájọ́, adájọ́ tí owó tirẹ̀ wà nínú ẹjọ́, tí kò sì sí ẹni tí a lè pe ẹjọ́ rẹ̀ sí lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọjọ́ náà bá dé, ohun méjì ni èmi yóò bẹ àwọn aṣòfin wa fún. Àkọ́kọ́ ni pé kí ìgbẹ́jọ́ wà ní àrọ́wọ́tó, ní ilé ẹjọ́ Pobè, níbi tí ará Sakété lè wọ ọkọ̀ wá kí ó sì fi èdè tó gbọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Èkejì ni pé kí olówó ọkọ̀ má lè yọ kọ́bọ̀ kan lára owó ẹnikẹ́ni kí ó tó fi àwòrán náà hàn án, kí ó sì fún un ní ọjọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀.